Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ohun Tí Mo Rí Lára Àwọn Tí Ejò Ṣán

Bí wọ́n bá gbé ẹni tí ejò ṣán dé, ojú ibi tí ejò ti ṣán an ni gbogbo èèyàn máa ń sáré wò. Wọ́n á ká ṣòkòtò sókè, wọ́n á máa wá ibi tí eyín ejò wọlé, wọ́n á fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ wò bóyá ó ti ń wú. Èmi náà máa ń wò ó, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú ni mo kọ́kọ́ ń wò. Nọ́ọ̀sì ni mí, abúlé oko kòkó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn ejò kan wà tó jẹ́ pé ojú ni oró wọn ti máa ń kọ́kọ́ hàn, tí ẹsẹ̀ á sì wà bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Láti ìgbà tí ìpéǹpéjú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ títí dìgbà tí èémí á fẹ́ dúró, àkókò díẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú àkókò díẹ̀ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Oró ejò ò jọra. Paramọ́lẹ̀ àti ọká, wíwú ni tiwọn: ẹsẹ̀ á wú, á máa ro èèyàn gógó, awọ á máa lé ròrò. Sèbé tó máa ń tu oró síni lójú, bó bá ṣánni, ibẹ̀ á wú, ẹran ibẹ̀ á sì máa jẹrà. Ṣùgbọ́n sèbé inú igbó kìjikìji, èyí tó dúdú tó ń dán, àti mámbà aláwọ̀ ewé tó ń gbé orí igi, iṣan ara ni oró tiwọn ń lé. Ẹ má gbára lé orúkọ o. Ejò tí wọ́n ń pè ní agbádú ní abúlé kan, sèbé ni wọ́n lè pè é ní abúlé kejì, ẹlòmíì á sì kàn ní ejò dúdú kan ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń yẹ ara ẹni tí ejò ṣán wò dáadáa ju kí n máa wádìí orúkọ ejò lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà. David Warrell, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní Zaria nígbà kan, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí méjì jáde ní 1976. Ọ̀kan dá lórí sèbé tó ń tu oró, wíwú àti ìjẹrà ló kún inú rẹ̀. Èkejì dá lórí sèbé Íjíbítì tó wà lókè ọya, ohun tí oró rẹ̀ ń fi iṣan ara ṣe ló dá lé. Sèbé ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ń gbé, síbẹ̀ àìsàn tí wọ́n ń fa yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ní òun mọ bí sèbé ṣe ń ṣe èèyàn nítorí pé òun ti rí ọ̀kan, kó rọra.

Lébìrà kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ó ń bá ẹnìkan kó kòkó jọ láàárọ̀ kùtùkùtù, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ òkìtì kòkó tí wọ́n ti já sílẹ̀, nǹkan sì bù ú ṣán lẹ́yìn ọwọ́. Ìrù ejò dúdú tó ń wọ́ lọ ló rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e sórí ọ̀kadà, wọ́n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ bàbá ọdẹ kan tó sín in ní gbẹ́rẹ́, tó fi ẹ̀tù ra á, tó sì fi rọ́bà táyà di apá rẹ̀ pinpin. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ọkàn ẹ̀gbọ́n ti balẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì," ó ní. "Oró yẹn ti ń rọlẹ̀. Ẹ wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ò wú. Oorun ló kàn ń kùn ún. Ẹ jẹ́ kó sùn díẹ̀."

"Ẹ má tíì jẹ́ kó sùn, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò mi, wò mí."

Ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ wo àjà. Iwájú orí rẹ̀ ká jọ, ìlà rẹ̀ jìn, nítorí iwájú orí ló fi ń fa ojú là. Síbẹ̀ ìpéǹpéjú méjèèjì bo ọmọ ojú dé ìdajì. "Àǹtí," ó ní, "ẹ̀ ń di méjì lójú mi, mà."

Mo fi ọwọ́ òsì di àgbọ̀n rẹ̀ mú kí orí rẹ̀ má baà yí, mo na ìka ọwọ́ ọ̀tún síwájú rẹ̀, mo ní kó máa fi ojú nìkan tẹ̀ lé e. Ìka mi lọ sápá òsì. Ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì gbéra, wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n dúró, wọn ò lè dé igun. Mo gbé ìka lọ sápá ọ̀tún, bákan náà. Mo gbé e sókè, ìpéǹpéjú ò tẹ̀ lé ẹyinjú lọ. Mo ní kó yọ ahọ́n, ó yọ ọ́, kò jáde tán. Mo ní kó dùbúlẹ̀ kó gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, ó gbé e, orí sì tún padà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní kó fa èémí sínú, kó máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta lọ láì tún mí. Ó kà á kọjá ogún. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa tó ìdajì wákàtí tí mo tún ní kó kà á, kò dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohùn rẹ̀ sì ti ń gba imú jáde.

Ní gbogbo àkókò yìí, ọwọ́ tí ejò ṣán fẹ́rẹ̀ẹ́ má wú rárá.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé, "Ọwọ́ lejò ti ṣán an, kí ló wá kan ojú?" Ìbéèrè tó dáa ni. Oró yẹn kì í dúró sí ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri gbogbo ara. Bí ọpọlọ bá fẹ́ kí iṣan gbéra, fọ́nrán tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ bá iṣan náà á tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní acetylcholine, èròjà yìí á wọ ojú ibi tí a dá fún un lára iṣan, iṣan á sì ṣiṣẹ́. Oró sèbé á ti gba ojú ibẹ̀, bí ìgbà tí ẹnìkan bá ki igi bọ ihò kọ́kọ́rọ́: kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ onílé, ilẹ̀kùn ò sì ṣí. Gbogbo iṣan tí a fi ń rìn, tí a fi ń jẹun, tí a fi ń mí ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, àmọ́ iṣan ojú ló ń kọ́kọ́ fi í hàn. Iṣan mẹ́fà ló ń yí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan, òmíràn ló ń gbé ìpéǹpéjú òkè. Iṣan kéékèèké ni wọ́n, wọn kì í sinmi níwọ̀n ìgbà tí a bá lajú, ọpọlọ sì ń ránṣẹ́ sí wọn léraléra ju bó ṣe ń ránṣẹ́ sí iṣan itan lọ. Wọn ò ní àlékún agbára tí wọ́n lè fi rọ́jú. Bí iṣẹ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn bá dín díẹ̀ péré, ó ti hàn. Bí ẹyinjú kan bá sì fi díẹ̀ rẹ̀yìn sí èkejì, ènìyàn kan á di méjì lójú ẹni tó ń wò ó.

Láti ojú, ìsàlẹ̀ ló ń lọ: ẹnu, ahọ́n, ọ̀fun, ọrùn, kó tó kan iṣan tó ń mú wa mí. Itọ́ á máa ṣàn nítorí pé kò ṣeé gbé mì mọ́. Ti sèbé lè má tó wákàtí kan kó tó bẹ̀rẹ̀. Ti àwọn ejò míì lè tó wákàtí mẹ́wàá, èèyàn á ti máa ṣeré, á ti máa ní òun fẹ́ relé. Mi ò kí ń jẹ́ kí ẹni tí ejò ṣán lọ sílé kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé, ì báà máa bínú sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oorun yìí, nítorí ó ti pa èèyàn lójú mi. Ẹni tí oorun ń kùn, bí o bá pè é tagbára, á lajú, á sì tún dì í. Ẹni tí oró mú ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, orí rẹ̀ pé: o bi í léèrè, ó dá ọ lóhùn ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ó mọ ọjọ́, ó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ojú ni kò kàn lè là. Adẹ́mu kan wà ní abúlé kan tí kò jìnnà sí wa, orí ọ̀pẹ ni ejò aláwọ̀ ewé ti ṣán an ní ìka. Ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ẹran ara rẹ̀ ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, tí ojú rẹ̀ ń padé. Àwọn tó bá a lábẹ́ ọ̀pẹ rí agbè ẹmu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ẹmu ló pa á, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ ibòji kó lè sùn ún dànù. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fi máa rí ojú eyín ejò lára ìka rẹ̀, kò mí dáadáa mọ́. Ojú ọ̀nà ló kú sí kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Mi ò dá àwọn èèyàn yẹn lẹ́bi, kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò sí ìpàdé àwọn adẹ́mu tàbí àwọn olóko tí wọ́n pè mí sí tí mi ò kí ń sọ̀rọ̀ ìpéǹpéjú níbẹ̀.

Ti lébìrà wa, ọkọ̀ la wá kíákíá. A ò tú rọ́bà tó wà ní apá rẹ̀, nítorí bí a bá tú u lójijì láìsí oògùn lọ́wọ́, oró tó ti sé síbẹ̀ lè ya wọ ara lẹ́ẹ̀kan náà. A fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ dì í lọ́wọ́ kó má baà máa jù ú, a sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí itọ́ má baà há a. A ò ní ẹ̀rọ tó ń báni mí ní abúlé. Báàgì rọ́bà tí a fi ń tẹ afẹ́fẹ́ síni nínú la ní. Nígbà tí a máa bọ́ sórí títì ọ̀dà, kíkà rẹ̀ ò kọjá mẹ́ta mọ́, àyà rẹ̀ ń gbéra díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń pàwọ̀ dà. Mo dá a dùbúlẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè bí mo ṣe fi hàn án, mo de ihò imú àti ẹnu rẹ̀ mọ́ abẹ́ báàgì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀, jẹ́ kó jáde, tẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá kú, ẹ̀gbọ́n á gbà á. Bí a ṣe dé ìlú nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: oró sèbé kò pa ọkàn rẹ̀, kò pa ọpọlọ rẹ̀. Iṣan tó ń mí ló dúró. Bí ẹnìkan bá lè bá a mí títí oró á fi kúrò, ó ṣeé ṣe kó yè. Lórí àwọn sèbé Éṣíà, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ni pé ẹni tí ẹ̀rọ bá bá mí, kódà láìsí ẹ̀pa, ìyẹn oògùn tó ń pa oró ejò, sábà máa ń lè mí fúnra rẹ̀ láàrin ọjọ́ kan sí mẹ́rin, iṣan ojú á padà láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, gbogbo ara á sì máa padà bọ̀ sípò ní ọjọ́ mẹ́ta sí méje. Ẹni tó kú lójú ọ̀nà ò ráyè dé ọjọ́ kejì yẹn.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n ki rọ́bà bọ ọ̀nà èémí rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ. Dókítà tó gbà wá wá ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn. Ó mú rúlà, ó wọn àlàfo tó wà láàrin ìpéǹpéjú òkè àti ti ìsàlẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ atropine, kí oògùn tó ń bọ̀ má baà ṣe é léṣe, ó fi neostigmine tẹ̀ lé e. Kò pé ìdajì wákàtí tó tún wọn ojú náà, ó ti fẹ̀ sí i, ẹyinjú sì ti ń rìn díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Neostigmine kì í pa oró. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ara tètè wó acetylcholine, tí yóò fi pọ̀ débi tí yóò fi lè bá oró du àyè. Wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò lára àwọn tí sèbé ṣán ní Philippines, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1986: iṣan wọn padà lágbára ju ti àwọn tí wọ́n fún ní omi lásán lọ.

Inú mi máa ń dùn sí ìtàn oògùn yìí. Ilẹ̀ wa níbí ni gbòǹgbò rẹ̀ ti wá. Láti ara èso esere, tí àwọn ará Calabar máa ń fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láyé àtijọ́, ni wọ́n ti yọ physostigmine ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Physostigmine yẹn ni àwọn oníṣẹ́ oògùn wò kí wọ́n tó ṣe neostigmine. Kò wọ́n rárá. Yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti sábà máa ń lò ó, láti fi dá agbára iṣan padà fún ẹni tí wọ́n fi oògùn dá iṣan rẹ̀ dúró nígbà iṣẹ́ abẹ. Mo ti rí ilé ìwòsàn tó ní in nínú kọ́bọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, tí kò sì sí ẹni tó rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ejò ṣán èèyàn. Àmọ́ mámbà yàtọ̀ o. Oró mámbà ní ohun tó ń mú kí fọ́nrán tú èròjà yẹn jáde ju bó ṣe yẹ lọ, ó tún ní ohun tí kì í jẹ́ kí ara wó o, ìdí nìyẹn tí ẹran ara adẹ́mu yẹn fi ń ta. Ẹni tí mámbà ṣán, neostigmine kì í ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ dókítà ni láti pinnu èyí. Kí ẹnikẹ́ni má lọ ra á ní kẹ́míìsì.

Wọ́n yọ rọ́bà lọ́nà èémí rẹ̀ lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tí ohùn rẹ̀ padà ló mú kí n jókòó. Ó ní kò sígbà kan tí òun ò gbọ́rọ̀. Ó gbọ́ igbe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó gbọ́ ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn tó ní, "Èyí ti lọ." Ó ní òun fẹ́ mi ìka kan lásán kí òun lè fi dá wọn lóhùn, kò ṣeé ṣe. Ọmọ ojú irú àwọn èèyàn yìí lè ṣí sílẹ̀ gbàragada láì dáhùn sí iná tọ́ọ̀ṣì, ojú wọn lè dúró sójú kan bíi ti òkú, kí wọ́n sì wà níbẹ̀ lódindi, kí wọ́n máa gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ojú nìkan sọ pé ẹni tí ejò ṣán ti kú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti máa ń bá wọn sọ̀rọ̀: "Nọ́ọ̀sì ni mí. Ejò ló ṣán ọ. À ń bá ọ mí ni. Ara rẹ á padà." Mo máa ń dárúkọ wọn, mo máa ń sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe kí n tó ṣe é. Mo máa ń fi oògùn ọ̀rá pa ojú wọn, mo sì máa ń pa á dé dáadáa, nítorí ojú tí kò lè ṣẹ́, ń gbẹ, ó sì lè dégbò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀pa ló kù, ọ̀rọ̀ tó máa ń dùn mí jù nìyí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ̀pa tí kì í ṣe ti oró yẹn, kò tilẹ̀ bá a pàdé lójú ọ̀nà. Ní Nàìjíríà, ẹ̀pa tí a mọ̀ jù ni EchiTAb, nítorí ejò kékeré olóró kan tó wà ní Gombe, Bauchi, Plateau àti àfonífojì Benue, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó ń pa èèyàn jù níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ejò tó wà ní Kaltungo ń tọ́jú ọ̀pọ̀ wọn. EchiTAbG, ti ejò yẹn nìkan ni. EchiTAb-Plus-ICP tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica, nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ejò yẹn, paramọ́lẹ̀ àti sèbé tó ń tu oró ni wọ́n ṣe é fún. Fún sèbé igbó àti mámbà, ẹ̀pa tó bá oríṣi ejò púpọ̀ mu la nílò. Ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ FAV-Afrique, iléeṣẹ́ Sanofi ló ń ṣe é, wọ́n dá a dúró ní 2014, èyí tó gbẹ̀yìn sì kọjá àsìkò ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Mo ti rí ẹbí tó ta kòkó tí kò tíì gbẹ, tí wọ́n fi owó rẹ̀ ra ìgò ẹ̀pa wá láti ìlú. Mo ṣí bébà inú rẹ̀, mo ka orúkọ àwọn ejò tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí tiwọn níbẹ̀. Ẹni tó tà á fún wọn ò bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Ẹ ka bébà inú rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Bí ẹ ò bá lè kà á, ẹ pe nọ́ọ̀sì kó kà á fún yín lórí fóònù.

Ẹ̀pa tún gbọ́dọ̀ tètè dé. Èyí hàn lára ejò kan tí wọ́n ń pè ní krait, tó wà ní Íńdíà, Sri Lanka àti Bangladesh. Òru ló máa ń wọlé, ẹni tó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń ṣán, ojú eyín rẹ̀ sì lè má hàn rárá. Èèyàn á jí pẹ̀lú inú rírun àti ìpéǹpéjú tó wálẹ̀. Irú oró rẹ̀ kan máa ń ba ẹnu fọ́nrán fúnra rẹ̀ jẹ́. Tó bá ti bà á jẹ́, kò sí ẹ̀pa tó lè tún un ṣe, àfi kí fọ́nrán hù padà, ẹ̀rọ á sì máa bá olúwarẹ̀ mí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nígbà mìíràn. Àwọn tó ń sùn sínú àwọ̀n ẹ̀fọn níbẹ̀ kì í sábà bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn tó ń sùn sí ahéré lóko wa náà.

Ẹ má ṣe fi èyí pọ̀ mọ́ oró tí sèbé tu síni lójú. Ìyẹn, ojú á pọ́n, á máa ta èèyàn, omi á máa dà, ṣùgbọ́n ẹyinjú á ṣì máa yí bó ṣe yẹ. Omi púpọ̀ ni ká fi ṣan án lójú ẹsẹ̀, wàrà pàápàá dáa bí omi ò bá sí. Kí ẹnikẹ́ni má fi ewé, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ìtọ̀ sí i, kí wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, nítorí ó lè di ọgbẹ́ tó ń fọ́ni lójú. Kò nílò abẹ́rẹ́ ẹ̀pa. Bákan náà, bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, tí ọmọ ojú ibẹ̀ sì tóbi ju èkejì lọ, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lérìgì, mo máa ń bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nínú orí. Oró sèbé, ojú méjèèjì ló sábà ń mú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ejò ṣíṣánni mọ́ àwọn àìsàn tí ayé gbàgbé ní 2017. Wọ́n ní èèyàn tó ń kú lọ́dọọdún wà láàrin 81,000 sí 138,000. Nínú oko ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kú. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn bàbá ọdẹ wa, àwọn ló mọ ibi tí ejò ń gbé, àwọn ló ń bá wa sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n wọ bàtà rọ́bà, kí wọ́n fi igi tú òkìtì kòkó kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ti lọ jókòó tì wọ́n nílé wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣe tiyín, ṣùgbọ́n ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má dì í pinpin, ẹ sì kọ́kọ́ na ìka sí i kó fi ojú tẹ̀ lé e. Bí ojú ò bá lọ, ẹ má dá a dúró." Ọ̀kan nínú wọn máa ń pè mí lórí fóònù báyìí kí ọ̀kadà tó gbéra, ọ̀rọ̀ tó sì máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ojú rẹ̀ ti ń bọ̀ wálẹ̀ o, Ìyá Nọ́ọ̀sì."

Fóònù ti ràn wá lọ́wọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Bí wọ́n bá pè mí láti oko, mo máa ń ní kí ẹnìkan ya ojú rẹ̀ ní fídíò: kó wòkè, kó wo òsì, kó wo ọ̀tún, kó yọ ahọ́n, kó ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta ní èémí kan. Kí wọ́n tún un yà láàrin ọ̀nà. Èmi á fi fídíò méjèèjì ránṣẹ́ sí dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú, kó lè ti mọ̀ kí ọkọ̀ tó dé pé ẹ̀rọ tó ń báni mí ni kí wọ́n gbé sílẹ̀.